Ìbẹ̀wò sí Ganvié, Ìlú Àwọn Tó Sá Gun Orí Omi

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń béèrè pé ibo ni a gbé ìròyìn ìrìn-àjò tí a rìn lọ́dún tó kọjá sí. Òun rèé. A mọ̀ọ́mọ̀ dá a dúró ni, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún tí a ní láti rò dáadáa kí a tó lè fi ṣe ẹ̀kọ́.

Inú kíláàsì ọjọ́ Sátidé ní Ìlọrà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. À ń ka Suratul Ankabut, a dé ibi tí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ pé kí ènìyàn rìn lórí ilẹ̀ kí ó sì wo bí ìṣẹ̀dá ṣe bẹ̀rẹ̀. Ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa bá yọ fóònù, ó fi àwòrán adágún Titicaca hàn wá. Adágún yìí wà ní ààlà orílẹ̀-èdè Peru àti Bolivia ní gúúsù Amẹ́ríkà, ó sì ga ju ojú òkun lọ ní mítà 3,812. Ibẹ̀ ga débi pé orí máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, èémí wọn a sì máa kúrú títí ara wọn yóò fi mọ́ ọn. Àwọn kan tí wọ́n ń pè ní Uros ń gbé lójú omi náà lórí erékùṣù tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Koríko kan bí esùsú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ totora, ni wọ́n ń gé tí wọ́n ń tẹ́ léra wọn títí yóò fi nípọn tó ohun tí ilé lè dúró lé. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ṣe ń jẹrà ni wọ́n ń fi tútù lé e lórí. Koríko yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀, wọ́n sì tún ń jẹ ìdí rẹ̀.

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan ní, "Àáfà, irú ènìyàn wo ni yóò fi ilẹ̀ gbígbẹ sílẹ̀ lọ máa sùn sórí koríko?" A dá a lóhùn pé ẹni tí wọ́n ń lé ni. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn Uros ni pé àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn tó lágbára jù wọ́n lọ, títí kan àwọn Inca, kí wọ́n tó forí lé omi. Ọmọ náà tún béèrè pé ṣé irú rẹ̀ wà nítòsí. A ní bó bá jẹ́ adágún orí òkè ni, kò jìnnà, ẹ gun òkè Adó-Àwáyé lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ẹ ó rí adágún Iyake tó jókòó sórí àpáta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbé lójú omi rẹ̀. Bó bá jẹ́ àwọn tí ìjayà lé dé orí omi tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀ títí dòní ni ẹ fẹ́ rí, Ganvié ni kí a lọ, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Owó tó lè gbé wa dé Peru kò sí lápò ẹnikẹ́ni nínú wa, àmọ́ owó ọkọ̀ Kútọnu kò kọjá agbára wa bí a bá dá a jọ.

Àwa mẹ́rìnlá la lọ: olùkọ́ méjì, ìyàwó ọ̀kan nínú wa tó ṣe olórí àwọn ọmọbìnrin, àti ọmọ kíláàsì mọ́kànlá láti Fìdítì àti Ìlọrà. A kírun àsùbáà tán ní Fìdítì, a gba Ìbàdàn dé Èkó, a sùn ní Àgbádárìgì, a sì kọjá ní ibodè Sẹ̀mẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Nípa ojú ọ̀nà, kò sí nǹkan púpọ̀ láti sọ, àfi pé ọsàn Fìdítì tí a gbé dání fún àwọn tí a ń lọ kí ti tán kí a tó dé ibodè. Àwa olùkọ́ náà jẹ nínú rẹ̀.

Láti Kútọnu a lọ sí Abomey-Calavi, níbi tí èbúté wà. Ọ̀sà Nokoué ló tẹ́ rẹrẹ níwájú wa yẹn. Àwọn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì wà níbẹ̀ fún àlejò, àmọ́ a rí bàbá àgbàlagbà kan tó gbọ́ bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ láàrin ara wa, ó sì fi Yorùbá Èkó kí wa. Ó ti gbé Mákòkò fún ọdún pípẹ́ kí ó tó padà sílé. Ọmọ Ganvié gan-an ni. Òun àti ọmọ rẹ̀ ló gbé wa nínú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì.

Omi náà kò jìn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ síwájú, nítorí ọ̀pá náà ń kan ẹrẹ̀ nísàlẹ̀. Bàbá yìí ṣàlàyé fún wa pé omi méjì ló ń jìjàdù inú ọ̀sà náà. Odò Ouémé àti odò Sô ń da omi dídùn sínú rẹ̀ láti àríwá, omi iyọ̀ sì ń gba ẹnu ọ̀nà Kútọnu wọlé láti inú òkun. Ènìyàn ló la ẹnu ọ̀nà yẹn: àwọn Faransé ló gbẹ́ ẹ ní ọdún 1885. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, nígbà tí àkúnya Ouémé bá dé, omi dídùn á borí. Nígbà náà ni koríko kan tó ń tan òdòdó àlùkò, tó dà bí ojú oró ṣùgbọ́n tó lágbára jù ú lọ, máa ń bo ojú omi tí ọkọ̀ kò fi ní lè kọjá. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí iyọ̀ bá wọlé, koríko náà á kú. Ẹja tí wọ́n ń rí pa náà ń yí padà bí omi bá ṣe ń yí padà.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù lójú ọ̀nà ni oko ẹja wọn. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀ Afijio, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n máa ń gé ẹ̀ka igi láti èbúté, wọ́n á rì í mọ́ inú ẹrẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, ẹ ó sì rò pé igbó kékeré ló hù láàrin omi. Acadja ni wọ́n ń pè é. Èéhọ̀ àti àwọn ohun kéékèèké abẹ̀mí á máa hù lára igi náà, ẹja á rí oúnjẹ àti ibi ìsápamọ́ sí, wọ́n á máa wá, wọ́n á máa bímọ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olóko á fi àwọ̀n yí gbogbo rẹ̀ ká, á fa àwọn igi náà tu lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì kó ẹja. Àgbẹ̀ ni wọ́n lórí omi bí a ti jẹ́ àgbẹ̀ lórí ilẹ̀. Wọ́n sì ń jà sí i bí a ti ń jà sí ààlà oko, nítorí omi tó jẹ́ ti gbogbo ayé tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá ti rì igi sí i, ó di tirẹ̀ nìyẹn, ẹni tí kò lówó igi kò sì ní ríbi ju àwọ̀n sí. Igi tó ń jẹrà náà tún ń jẹ́ kí ìsàlẹ̀ ọ̀sà máa ga sí i. Bàbá wa sọ fún wa pé òun ní oko, ẹ̀gbọ́n òun kò ní, àwọn méjèèjì kì í sì í sọ̀rọ̀ ẹja lórí oúnjẹ.

Nígbà tí a dé inú ìlú, gbogbo wa dákẹ́. Ilé lórí òpó lọ́tùn-ún, ilé lórí òpó lósì, omi ni òpópónà. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tó ń gbé ibẹ̀. A rí àwọn ọmọdé tó ń wakọ̀ lọ síléèwé, a rí àwọn obìnrin pẹ̀lú akẹtẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ tí wọ́n ń tajà nínú ọkọ̀, ọkọ̀ á fara kan ọkọ̀, wọ́n á ná ọjà, owó á kọjá. A rí àwọn tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi mímu bọ̀ láti ibi ẹ̀rọ omi. Ilẹ̀ díẹ̀ tó wà níbẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi kó erùpẹ̀ rẹ̀ jọ. Kí á má sì purọ́ fún yín pé ohun gbogbo ló dára: ìdọ̀tí ilé ń lọ sínú omi tó wà lábẹ́ ilé, òórùn rẹ̀ sì ń dé ní àwọn ibì kan.

Ibẹ̀ ni ohun tí a sọ lókè ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan ń bọ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó pọn ọmọ, ó gbé ẹja yíyan síwájú. Ọmọkùnrin kan nínú wa na fóònù sí i. Obìnrin náà fa akẹtẹ̀ rẹ̀ bo ojú, ó sì fi àjẹ̀ gbọ́n omi lù wá, gbogbo wa ló rin. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan bínú. Bàbá wa dá ọkọ̀ dúró. Ó ní, "Àáfà, ẹ má bínú sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń wá yà wá bí ẹni ń ya ẹranko. Wọ́n á gbé àwòrán wa lọ síbi tí a kò mọ̀, wọ́n á kọ ohun tí a kò mọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá yín ni mo gbà kọjá tí mo ya á, ẹ ó gbà?"

Ẹ̀yin èèyàn wa, ojú tì wá. Kì í ṣe ọmọ yẹn ló jẹ̀bi. Àwa olùkọ́ ni a sọ fún wọn ní Fìdítì pé kí wọ́n ya fọ́tò púpọ̀ bọ̀ fún ìwé ìròyìn yìí. Àwa tí a ti kọ́ yín ní òfin títọrọ ààyè kí a tó wọ ilé onílé, èyí tó wà nínú Suratun Nur, a kò rántí pé níbi tí omi ti jẹ́ òpópónà, tí ilé kò sì ní ọgbà, ẹni tó ń wakọ̀ kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú ilé tán. Ọmọ náà pa fọ́tò rẹ́ níṣojú obìnrin náà. Ìyàwó olùkọ́ kejì wa kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó kí i, ó sì ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi rí àwòrán kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Nígbà tí ojú obìnrin náà rọ̀, ó bi bàbá léèrè ibi tí a ti wá. Bàbá dáhùn pé Ọ̀yọ́. Obìnrin náà sọ nǹkan kan ní èdè wọn, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. A ní kí ni ó wí. Bàbá ní, "Ó ní ṣé ẹ wá kó wa ni?"

Àwọn ọmọ wa kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ níbẹ̀ ni a ti ṣe kíláàsì fún wọn, ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ díẹ̀.

Tofinu ni orúkọ àwọn ará ibẹ̀. Èdè wọn bá ti Fọ̀n àti Ègùn tan. Wọn kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àkójọ àwọn tó sá láti ìlú lóríṣiríṣi ni wọ́n. Ọ̀mọ̀wé Elisée Soumonni, òpìtàn ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ti kọ̀wé lórí bí àwọn ìletò orí omi wọ̀nyí ṣe jẹ́ ibi ìsádi fún àwọn tó ń sá fún òwò ẹrú. Ní ayé ìgbà yẹn, ọkọ̀ àwọn òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí Ouidah lemọ́lemọ́ láti ra ènìyàn. Ọba Agaja ti Dàhòmì ṣẹ́gun Allada ní 1724, ó sì ṣẹ́gun Ouidah ní 1727. Àwọn ará Ouidah tó yè bọ́ náà, àárín omi ni wọ́n sá lọ. Ohun tí wọ́n ń sọ ní Ganvié ni pé èèwọ̀ ni fún jagunjagun Dàhòmì láti bá ènìyàn jà lórí omi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ẹrẹ̀ àti àìmọ ọkọ̀ wà ná kò ní ṣàì lọ́wọ́ sí i. Wọ́n tún ní ìtàn pé olórí wọn àkọ́kọ́ yí padà di ẹyẹ láti wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Èyí, a gbọ́ ọ, a kò bá wọn jiyàn. Orúkọ ìlú náà fúnra rẹ̀ ló sọ tirẹ̀: ìtumọ̀ tí wọ́n ń fún un ni pé a ti yè, a ti bọ́.

Dàhòmì nìkan kọ́ ni wọ́n ń sá fún ní ilẹ̀ yẹn. Àwọn ẹlẹ́ṣin Aláàfin ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìhà ibẹ̀ nígbà náà. Dàhòmì fúnra rẹ̀ gbà ní 1730 láti máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́, kò sì jáwọ́ nínú rẹ̀ pátápátá títí di ayé Ọba Gezo, ní nǹkan bí 1823. Ọ̀yọ́ náà ta ènìyàn. Àjàṣẹ́, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ni ẹnu ọ̀nà ńlá tí Ọ̀yọ́ fi ń ta ẹrú sókè òkun, omi kan sì wà tó so ọ̀sà Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ ọ̀sà Nokoué tí a wà lórí rẹ̀ yẹn. Nítorí náà, nígbà tí obìnrin yẹn gbọ́ "Ọ̀yọ́", àwàdà rẹ̀ ní ìdí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa béèrè pé, "Àáfà, ṣé àwọn bàbá wa ni wọ́n sá fún ni?" A dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n wà lára wọn. A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé kò ní fẹ́ràn ìdáhùn yìí. Oríkì ìlú wa kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ayé wá yí. Ní nǹkan bí 1835, Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ẹni tó ń kó ènìyàn tẹ́lẹ̀ di ẹni tí wọ́n ń kó. Ní January 1835, nínú Ramadan, àwọn Mùsùlùmí tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá dìde sí àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹrú ní ìlú Bahia ní Brazil. Ogun tó ń ja ilẹ̀ wa nígbà náà ló ti gbé ọ̀pọ̀ wọn dé ọ̀hún. Àwọn Ẹ̀gbá ti sá sábẹ́ Olúmọ ní 1830. Àtìbà kó Ọ̀yọ́ wá sí Àgọ́ Ọjà, ọ̀pọ̀ agbo ilé wa ní Afijio ló sì ń ka ìtàn wọn láti Ọ̀yọ́ Ilé tàbí láti àwọn ìlú mìíràn tí ogun fọ́. Àwọn kan rí òkè, àwọn kan rí igbó, àwọn Tofinu rí omi. Ọmọkùnrin tó béèrè ní Ìlọrà pé irú ènìyàn wo ni yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀ jókòó sí iwájú ọkọ̀, kò sọ nǹkan kan.

A kírun ọ̀sán níbẹ̀, nítorí mọ́sálásí wà ní Ganvié bí ṣọ́ọ̀ṣì ṣe wà. Ìbéèrè dìde pé ṣé a lè fi omi ọ̀sà ṣe àlùwàlá. Omi oníyọ̀ kò lẹ́bi, omi òkun ṣe é ṣe àlùwàlá. Ohun tó ń ba omi jẹ́ ni kí ẹ̀gbin yí àwọ̀ rẹ̀, tàbí adùn rẹ̀, tàbí òórùn rẹ̀ padà. Nítorí òórùn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, omi ẹ̀rọ ni a lò.

Nísinsìnyí, fún àwọn ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa tó ń kọ̀wé pé àwọn náà fẹ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé Ganvié kì í ṣe ibi ìkọ̀kọ̀. Láti 1996 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí UNESCO, ìjọba wọn sì ti ń náwó sí i láti sọ ọ́ di ibi tí àlejò yóò máa wá. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi ara yín ni pé ta ló ń jẹ owó náà. Ẹ jẹ́ kí a padà sí Titicaca díẹ̀. Erékùṣù kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ Taquile, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi abẹ́rẹ́ hun fìlà, tí àwọn obìnrin ń hun aṣọ. UNESCO bu ọlá fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn yìí ní 2005. Nígbà tí àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, àwọn ará erékùṣù náà ló ni ọkọ̀ tó ń gbé wọn, àwọn ló ń pín àlejò sílé ara wọn. Nígbà tó yá, àwọn oníṣòwò ìlú Puno tó wà ní èbúté gba púpọ̀ nínú ọkọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, àlejò wá ń dé láàárọ̀, ó ń padà nírọ̀lẹ́, owó sì ń bá a padà. Nítorí náà, bí ẹ bá dé Abomey-Calavi, ọmọ Ganvié ni kí ẹ wá kí ó wa yín. Ẹ jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ẹ ra ẹja. Ẹ má ná an títí yóò fi di ẹ̀gàn. Ẹ ṣẹ́ owó sí sẹ́fà kéékèèké dání. Ẹ má wulẹ̀ mú fóònù jáde, àyàfi tí ẹ bá bá onílé sọ̀rọ̀ tí ó gbà tọkàntọkàn. Ọsàn tí ẹ bá gbé dání fún wọn, ẹ jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Iṣẹ́ àṣetiléwá fún ìjókòó oṣù tó ń bọ̀: kí oníkálukú lọ bá àgbà agbo ilé rẹ̀, kí ó béèrè ibi tí a ti wá, ohun tó lé wa kúrò níbẹ̀, àti ẹni tó gbà wá nígbà tí a dé. Kí ó tún béèrè, pẹ̀lú ìtẹríba, bóyá àwa náà lé ẹnikẹ́ni rí. Ẹ mú ìwé àti bírò dání. Bí àgbà náà kò bá fẹ́ kí ẹ fi fóònù gba ohùn òun sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́.